Ọ̀ṣọ́ Kérésì àfọwọ́ṣe: aṣọ òkè lára igi

"Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Manchester là ń gbé. Àwọn ìbejì mi fẹ́ kí a fọwọ́ ara wa ṣe ọ̀ṣọ́ Kérésì lọ́dún yìí, kí àwọ̀ rẹ̀ bára mu. Mo fẹ́ kí nǹkan ilé wa wà níbẹ̀, àmọ́ n ò fẹ́ kó dìjà. Kí lẹ̀yin ṣe?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ọdún.

Ẹ fi aṣọ òkè ṣe é. Etù, sányán, àlàárì: wọ́n ti bára mu kí wọ́n tó bí ìyá ìyá wa, àlàárì sì pupa bí wọ́n ṣe ń fẹ́ Kérésì níbí. Àjákù gèlè tó ti gbó ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wé e mọ́ bọ́ọ̀lù Kérésì àtijọ́, kẹ́ ẹ fi òwú rán an. Gọ́ọ̀mù nìkan ò mú un, torí ibi tá a bá ti gé aṣọ òkè máa ń tú. Àwọn ìbejì tún lè po ife ìyẹ̀fun 2, iyọ̀ 1 àti omi 1, kí wọ́n gé e sí ìràwọ̀, kó gbẹ nínú ààrò tí kò gbóná púpọ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ajá, kó má débẹ̀ o, iyọ̀ yẹn lè pa á.

Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí. Ọmọbìnrin mi àgbà ló bá mi wé tiwa. Ó jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ń feyín já òwú bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, bẹ́ẹ̀ orí fóònù nìkan ló ti ń rí ìyá mi. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ ilé ìwé rẹ̀ dé, mo ń dín dòdò, mo yọjú, mo rí i: ó ń yọ aṣọ òkè náà níkọ̀ọ̀kan kúrò níwájú igi, ó ń fi wọ́n kọ́ sẹ́yìn, lápá ògiri. Àwọn tó ń dán tí a rà ló fi síwájú. Kò ju ìkankan nù. Ó rọra ń so okùn wọn kí wọ́n má bàa já bọ́. N ò sọ̀rọ̀. Ó ti wọ yunifásítì báyìí, n ò tíì bi í. Mo ṣì ń rò ó pé ta ló sọ fún un pé ẹ̀yìn ni tiwa ń gbé.

Àwọn kan á ní ká máa gbé àwọn ọmọ wa lọ sílé. Owó ọkọ̀ òfuurufú ẹni márùn-ún lóṣù Kejìlá, ẹni tó ń san án ló mọ̀ ọ́n. A ń sọ Yorùbá sí wọn. Lóòótọ́, wọn ò bá ẹnikẹ́ni ta bébà aláràbarà sí àjà pálọ̀ rí, wọn ò wọ aṣọ Kérésì lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn láti gba owó ọdún. Ó ń dùn mí. Àmọ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú níbí, kò síbi tí wọ́n fẹ́ yà sí.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì fúnra wọn yan ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí. Bí wọ́n bá fi sẹ́yìn, ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an.