Ẹ má kàn dọ́bù nọ́ńbà yẹn: bí mo ṣe ń ṣírò sítíìṣì búláńkẹ́ẹ̀tì króṣéè

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní pátáànì (ìlànà ìhun) búláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ ọwọ́ tó wà lọ́wọ́ yín sọ pé sítíìṣì (ojú ìhun kọ̀ọ̀kan) 105 ló máa fẹ̀ tó ínṣì 30, ẹ̀yin wá fẹ́ hun ti bẹ́ẹ̀dì ńlá, ṣé kẹ́ ẹ kàn sọ 105 di ìlọ́po méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe é. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń hun búláńkẹ́ẹ̀tì, ti ọmọ, ti orí àga, ti bẹ́ẹ̀dì, orí nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni òwú ti ń ṣòfò jù.

Ẹ wò ó. 210 sítíìṣì, tí ọwọ́ yín bá tiẹ̀ bá ti ẹni tó kọ pátáànì mu, ínṣì 60 ló máa fún yín. Fóòmù tí wọ́n ń pè ní queen, ínṣì 60 ni ìbú ẹ̀, gígùn ẹ̀ 80. Ìyẹn ni pé búláńkẹ́ẹ̀tì yín máa parí sí etí fóòmù géérégé, kò ní sí nǹkan kan tó máa wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ́ni méjì bá sùn sábẹ́ ẹ̀, ẹnì kan máa wà níta. Èmi máa ń wọn bí fóòmù ṣe ga sí ni, ká ní ó ga ní ínṣì 10, màá fi 10 sọ́tùn-ún, 10 sósì, ó di 80, màá tún fi 10 lé e torí ara èèyàn tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà ń gbé e sókè. Ó di 90. Tẹ́ ẹ bá máa fi bọ́dà sí i, ẹ yọ ìbú bọ́dà yẹn, tọ̀tún àti tòsì, kúrò nínú 90 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Gígùn kò le, téèpù ló máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dúró, èmi a máa dúró sí 100.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Ọwọ́ yàtọ̀ sọ́wọ́. Ẹni tó kọ pátáànì yẹn, sítíìṣì 14 ló ń rí nínú ínṣì 4, torí 105 pín sí ọ̀nà 30 jẹ́ 3.5 nínú ínṣì kan, ìlọ́po 4 ẹ̀ sì jẹ́ 14. Ẹ̀yin lè má rí 14 o, ẹ lè rí 13 tí ọwọ́ yín bá dẹ̀. Sítíìṣì kan péré! Lórí ti ọmọ kò tó nǹkan lóòótọ́, 105 máa fẹ̀ tó ínṣì 32, kò sọ́mọ tó máa mọ̀. Àmọ́ ẹ gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì, sítíìṣì 315 tó yẹ kó fún yín ní 90 máa di ínṣì 97, ínṣì méje gbáko ló fi lé, a ò sì tíì sọ ti òwú tó jẹ ẹ́.

Torí náà ẹ hun sáńpù, ìyẹn ègé kékeré tẹ́ ẹ máa fi dán ọwọ́ yín wò, kẹ́ ẹ má sì hun ín bíńtín. Ínṣì 6 lóòró, 6 níbùú ni tèmi, ìkọ́ króṣéè kan náà, òwú kan náà, pátáànì kan náà tí mo máa fi hun búláńkẹ́ẹ̀tì, màá fọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa fọ búláńkẹ́ẹ̀tì, màá tẹ́ ẹ kó gbẹ, kí n tó gbé rúlà lé e. Ínṣì 4 àárín ni mo máa ń kà torí irọ́ ni etí máa ń pa, ó máa ń fún tàbí kó ká. Ẹ ka ìdajì sítíìṣì náà o, 13 àti ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ tó bá jẹ́ 13 àti ààbọ̀. Tó bá sì ti rẹ̀ mí, n kì í hun sáńpù rárá, ọwọ́ mi máa ń le nígbà yẹn.

Ká ní 13 ni tiyín. 13 pín sí ọ̀nà 4 jẹ́ 3.25, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 90, 292.5. Kò tíì parí, torí ẹ ní pátáànì yẹn, lẹ́yìn sítíìṣì mẹ́fà mẹ́fà ló ń tún bẹ̀rẹ̀, 3 sì ni ti etí. Ẹ kọ́kọ́ yọ 3 yẹn, ó ku 289.5, ẹ pín in sí ọ̀nà 6, ó jẹ́ 48 àti díẹ̀, ẹ mú 48, ẹ dá a padà sí ìlọ́po 6, 288, ẹ wá fi 3 yẹn lé e, 291. Nọ́ńbà yín nìyẹn, ó máa fẹ̀ tó ínṣì 89 àti ààbọ̀. Ẹ fi yẹ 210 yẹn náà wò: yọ 3, ó ku 207, pín in sí ọ̀nà 6, 34 àti ààbọ̀. Kò wọlé. Pátáànì máa já láàárín méjì létí gbogbo ìlà, ẹ̀yin á sì máa rò pé ẹ ò mọ̀ ọ́n hun ni.

Ṣéènì, ìyẹn ìlà okùn tá a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tún yàtọ̀ sí sítíìṣì. Tó bá jẹ́ dọ́bù ti Amẹ́ríkà (sítíìṣì gíga tí wọ́n ń pè ní double crochet), ṣéènì 3 tẹ́ ẹ fi ń gòkè dúró fún sítíìṣì kan, ẹ fi 2 lé 291, ó di 293. Tó bá jẹ́ síńgù (single crochet, sítíìṣì kúkúrú), 292. Èmi máa ń fi bíi mẹ́wàá lé e, torí ta ló fẹ́ padà lọ ka 293 lẹ́yìn tó ti hun ìlà kan tán kó tó mọ̀ pé ó dín, èyí tó bá ṣẹ́ kù ẹ lè tú u láti ìdí tẹ́ ẹ ti so kókó. Ìkọ́ tó tóbi ju tiyín lọ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi hun ṣéènì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìsàlẹ̀ máa fún, òkè á fẹ̀.

Ẹ má da sáńpù yẹn nù, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Ká ní gíráàmù 12 ni. Ti ọmọ, ínṣì 30 níbùú, 36 lóòró, gba irú sáńpù yẹn 30, gíráàmù 360. Ti bẹ́ẹ̀dì, 90 níbùú, 100 lóòró, gba 250. Kílò mẹ́ta nìyẹn o, bọ́ọ̀lù onígíráàmù 100 ọgbọ̀n! Ẹni tó bá sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù ti ọmọ lọ́nà méjì ti tó kò ṣírò ẹ̀. Ẹ ra gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí nọ́ńbà aró ara bébà ẹ̀ lè bára mu, ẹ fi bọ́ọ̀lù méjì lé e fún bọ́dà.

Tẹ́ ẹ bá ti wọn sáńpù tán, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ kà fún mi àti bí fóòmù yín ṣe ga sí, ká jọ ṣe ìyókù.