Èsì: Ta ló ń sanwó ìdáàbòbò igbó àti ẹranko?
Ẹ béèrè ẹni tó ń sanwó ìdáàbòbò ẹranko àti igi lágbàáyé, àti bóyá owó náà ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé létí igbó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ní ìlú Montreal, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí àwọn ọlọ́rọ̀ inú wọn máa fi ó kéré tán bílíọ̀nù 20 dọ́là ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣì ń gòkè àgbà lọ́dọọdún nígbà tí ó bá fi máa di 2025, kí ó sì di bílíọ̀nù 30 ní 2030. Ohun tó ká mi lára jù ni pé àwọn ìjọba ṣì ń fi owó ìrànwọ́ ti iṣẹ́ tó ń ba igbó àti òkun jẹ́ lẹ́yìn. Ní ti ìbéèrè yín kejì, ìlànà owó àkànṣe Cali, ìyẹn àpò owó àgbáyé tó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè lára ìmọ̀ nípa àbùdá ẹranko àti ewéko máa dá owó sí, tí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní 2025, ni pé kí ìdajì rẹ̀, ó kéré tán, lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ àti ará agbègbè.