Ta ni obìnrin tó ṣe Ọya, ìyàwó Ṣàngó, nínú eré Ọba Kò So?

Abíọ́dún Dúró-Ládípọ̀ ni, ìyàwó Dúró Ládípọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó kọ eré náà. Ọ̀pọ̀ tún mọ̀ ọ́n sí Mọrèmi, nítorí ipa tó kó nínú eré Mọrèmi. Òṣogbo ni ẹgbẹ́ eré wọn fi ṣe ibùjókòó, ní Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó àṣà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ọba Kò So jáde ní 1963, ó dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ohùn obìnrin yìí dáadáa. Orin, ewì àti ìlù ló gbé eré náà ró, ẹni tí kò bá mọ orin í kọ kò lè ṣe Ọya. Nílé wa ní Àkúrẹ́, tí àwo orin eré náà bá ti ń lọ, bí bàtá bá ti dún báyìí, ìyá mi á dáwọ́ ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó dúró, èèpo á wà lórí ìka wọn, wọn ò ní sọ̀rọ̀ títí orin á fi parí.

Ọkọ rẹ̀ kú ní 1978, àmọ́ kò fi eré sílẹ̀.