Ẹ Bi Wá: Ọ̀rọ̀ títì àti réèlì ní Gwinnett

Lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí, àwọn ará wa tó ń gbé Gwinnett, káúǹtì kan (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta ní Georgia, ló kọ èyí tó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ọ̀nà sì ni gbogbo wọn ń bi. A mú mẹ́rin níbẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ni, aládùúgbò wa wá fi máàpù kan hàn wá lórí fóònù ẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fẹ títì iwájú ilé wa, pé ó ti wà nínú pláànì 2050. Ọkọ mi ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé wọ́n máa wó ilé wa ni? — Ìyá Ìbejì, Lawrenceville

Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún bàbá wọn kí wọ́n lọ sùn jàre. Máàpù yẹn kì í ṣe ìwé ìwólé. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ní kí ìlú tí èrò ẹ̀ bá ti ju 50,000 lọ ní àjọ kan tí á máa ro ọ̀rọ̀ ọ̀nà, títì o, bọ́ọ̀sì o, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà o, ó kéré tán 20 ọdún síwájú. Tiwa níbí ni Atlanta Regional Commission, ARC ni wọ́n máa ń pè é, káúǹtì kọ̀ọ̀kan á kó ohun tó bá ń fẹ́ wá, ARC á wá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ìwé kan, òun ni pláànì 2050 tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn. Ohun tí ò bá sí nínú ìwé yẹn, owó Washington ò lè dé ibẹ̀. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ kàn máa to nǹkan síbẹ̀ bíi ẹni tó ń kọ ohun tó máa rà tówó bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ibi tówó máa ti wá hàn, àti pé afẹ́fẹ́ ìlú ò ní bàjẹ́ sí i. Eré kọ́ o, ní 1998 ètò Atlanta ò bá òfin afẹ́fẹ́ mu, ni ìjọba àpapọ̀ bá di owó títì tuntun mú, gbogbo wọn ń sá sókè sódò.

Èyí tó kàn yín ni pé kẹ́ ẹ wá ojú ìwé iṣẹ́ yẹn gan-an jáde lórí wẹ́ẹ̀bù ARC. Nọ́ńbà ti Gwinnett máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GW. Ẹ máa rí lẹ́tà kéékèèké nísàlẹ̀: PE, ìyẹn ni kí ẹnjiníà yà á sórí ìwé, ROW ni rírà ilẹ̀, UTL ni gbígbé òpó iná àti páìpù kúrò, CST ni kíkọ́ ọ fúnra ẹ̀. Ọdún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ PE nìkan ló ní ọdún tó sún mọ́lé, tàbí tí wọ́n ti gbogbo ẹ̀ sí ọdún tó jìnnà, ọ̀pọ̀ nǹkan ṣì lè yí padà. Tẹ́ ẹ bá rí ROW pẹ̀lú ọdún tó ń bọ̀ yìí, ẹ tètè wá lọ́yà. Nígbà yẹn náà, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ létí lọ́ọ̀nù ni wọ́n ń wá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sanwó fún un, iye tí ilẹ̀ yẹn tó gan-an.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Doraville ni réèlì MARTA, àjọ ọkọ̀ èrò Atlanta, dúró sí, ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa, látìgbà tí mo ti dé ibí ni wọ́n ti ń sọ pé ó ń bọ̀. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì márosẹ̀ I-85 ni mo ti ń jẹun àárọ̀. Ṣé ìjọba ò fẹ́ ni? — Ṣọjí, Norcross

Àbúrò, ìjọba kọ́, àwọn tó dìbò ni. Ní 1971 wọ́n bi àwọn káúǹtì léèrè bóyá wọ́n á san owó orí ọjà fún MARTA, Fulton àti DeKalb gbà, Clayton àti Gwinnett kọ̀. Òyìnbó ló kún Gwinnett bámúbámú nígbà yẹn, púpọ̀ nínú wọn ò fẹ́ kí èèyàn dúdú Atlanta rí ọkọ̀ wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ní 1990 wọ́n tún bi wọ́n, wọ́n tún kọ̀. Gwinnett wá yí padà, àwa náà kó dé, àti Kòríà, àti Mẹ́síkò, èrò ibẹ̀ ti lé ní 950,000 nígbà ìkànìyàn 2020. Wọ́n tún gbé e wá ní March 2019, ó tún já. Lójú tèmi, oṣù yẹn gan-an ló pa á, ta ló ń jáde lọ dìbò ní March tí kò sí ìdìbò mí ì nílẹ̀? Ní November 2020 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, ìbò bíi 1,000 péré ló fi já, nínú ohun tó lé ní 380,000. Èyí ṣì ń dùn mí. Nígbà tó fi máa di 2024, wọ́n ti yọ réèlì kúrò pátápátá, bọ́ọ̀sì ni gbogbo ẹ̀, owó orí ọjà sẹ́ńtì kan lórí dọ́là kan fún 30 ọdún, wọ́n ṣì kọ̀ ọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìbò ni gbogbo ìgbà? Torí òfin ìpìlẹ̀ Georgia ti so owó orí epo mọ́ títì àti afárá nìkan, wọn ò lè bù ú ra réèlì. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn kí wọ́n fẹ títì ju kí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì kan jáde lọ. Clayton ní tiẹ̀ yí ọkàn padà ní 2014, ó sì ti wà nínú MARTA báyìí. (Ká má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù o, àwa ará Èkó tí wọ́n fagi lé metroline Jákàńdè wa ní 1985, 2023 la tó wọ réèlì Blue Line.)

Ọmọ mi, mo wá bá wọn tọ́jú ọmọ ni. Wọ́n á ti lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, èmi àti ọmọ la máa wà nílé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò lè wa mọ́tò. Ṣé kò sí bọ́ọ̀sì rárá ni? — Màmá Àgbà, Snellville

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mà. Ó wà. Ride Gwinnett, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì káúǹtì wa, ní bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n máa ń pè lórí fóònù, ó ń ṣiṣẹ́ ní Snellville àti Lawrenceville, ẹ ní kí ọmọ yín fi áàpù ẹ̀ sórí fóònù yín. Òun gan-an ni ètò tí wọ́n dìbò kọ̀ ní 2024 fẹ́ tàn ká gbogbo káúǹtì.

Green card ni mo ní. Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ARC? — B.A., Lilburn

Ẹ lè sọ̀rọ̀ dáadáa, kódà kẹ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé lọ́wọ́ yín. Òfin ló ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu aráàlú kí wọ́n tó fọwọ́ sí ètò náà. Àmọ́ ẹ má dán ìbò wò o, kódà kí ẹnì kan ní kò sí nǹkan tó máa ṣe, ó lè ba gbogbo ìwé yín jẹ́. Ẹ tètè lọ sọ tiyín, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń tún ìwé yẹn ṣe, tó bá sì jẹ́ pé ìyá yín ni wọ́n fẹ́ bá yín lọ tí wọn ò gbọ́ òyìnbó, ẹ pe àjọ náà ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, kẹ́ ẹ béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá.