Ẹ Bi Ọlọ́gbà Léèrè: Òwìwí Orí Máńgòrò, Ewédú Tó Kọ̀ Tí Ò Hù, Àtàwọn Ìbéèrè Yín Míì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọgbà àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀, tá a ti ń kọ́ ara wa bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igi eléso, àti báwọn ẹyẹ pẹ̀lú kòkòrò inú ọgbà ṣe ń ṣe tiwọn, ìbéèrè ò tán nílẹ̀ mọ́, àwọn kan á dúró dè mí lẹ́nu géètì, àwọn kan á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kódà wọ́n ń kọ̀wé láti òkè òkun. Mo kó díẹ̀ nínú ẹ̀ síbí. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé púpọ̀ nínú yín ń béèrè ohun tẹ́ ẹ máa fi pa nǹkan tàbí èyí tẹ́ ẹ máa fi lé e lọ, ẹ̀bẹ̀ tí mo sì ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí nǹkan ọ̀hún ń ṣe nínú ọgbà yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kẹ́míkà tàbí àdá.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òwìwí kan ti sọ orí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa di ilé ẹ̀, funfun ni ojú ẹ̀, tó bá di alẹ́ á máa ké bí ẹni ń fa aṣọ ya. Ìyá ọkọ mi ní ẹyẹ àjẹ́ ni, wọ́n ní ká gé igi náà lulẹ̀. Igi yìí ló ń fún wa ní ibòòji o, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn máńgòrò ẹ̀ gan-an. Mi ò fẹ́ bá ìyá wa jiyàn. Kí ni kí n ṣe? – Ìyàwó ilé, Abẹ́òkúta

Ìyàwó wa, ẹ kú sùúrù. Ẹ má bá ìyá jiyàn rárá, ohun tí wọ́n gbọ́ láti kékeré ni wọ́n ń sọ, ọ̀pọ̀ wa náà ni wọ́n fi ohùn òwìwí dẹ́rù bà nígbà tá a wà lọ́mọdé. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ojú wọn ló máa rí i. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ sábẹ́ igi yẹn, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa lápá ibi tí ẹyẹ náà ti ń sùn, ẹ̀ẹ́ rí àwọn nǹkan dúdú kan tó ki, tó tóbi tó àtàǹpàkò, ìgbẹ́ kọ́ o, ẹnu ẹyẹ yẹn ló ti jáde. Ẹ wọ làílọ́ọ̀nù sọ́wọ́, ẹ mú ọ̀kan, ẹ rẹ ẹ́ sómi nínú agolo tẹ́ ẹ máa jù nù, kẹ́ ẹ wá fi igi tú u. Irun ló máa kọ́kọ́ tú jáde, irun tó rí bí eérú, lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa rí egungun tín-ín-tín-ín, egungun itan, egungun ẹ̀yìn, àti egungun àgbọ̀n eku tòun ti eyín iwájú tó gùn tó tẹ̀ kọrọdọ. Òwìwí kì í gé eku jẹ bíi tiwa, odindi ló sábà máa ń gbé e mì, ohun tí ikùn ẹ̀ ò bá lè dà lá á pọ̀ padà. Ẹ wá pe ìyá kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ẹ sì rántí pé ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe nǹkan eré nílẹ̀ wa. Eku ló ń gbé ibà Lásà kiri, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 nílùú Lassa tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno, tó sì ń yọ àwọn ará ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu gan-an báyìí. Mi ò sọ pé òwìwí nìkan tó o, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa bo oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì máa kó ìdọ̀tí jìnnà sílé, àmọ́ ẹyẹ tó ń pa eku mọ́jú, kí lẹ máa lé e fún? Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù ni pé kẹ́ ẹ má da májèlé eku sílé yẹn. Eku tó bá jẹ májèlé kì í kú lójú ẹsẹ̀, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kiri, òwìwí á gbé e, òun náà á kú, àwọn eku tó kù á wá máa jayé orí wọn. Ní ti ariwo, ìgbà tó bá ń tọ́mọ ló máa ń pọ̀, tọ́mọ bá ti fò lọ á rọlẹ̀. Igi yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e.

Ọlọ́gbà ẹ kú iṣẹ́. Mo gbin ewédú sẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo ń bomi sí i láàárọ̀ lálẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ìba díẹ̀ ló hù. Àbí irúgbìn tó ti kú ni wọ́n tà fún mi? – Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò, ó ṣeé ṣe kó má kú. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè ráyè wọnú ẹ̀, ó lè wà nílẹ̀ pẹ́ títí kó máa wò ẹ́. Di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbé omi kaná, tó bá ti hó sọ ọ́ kalẹ̀, kó o wá ri aṣọ yẹn bọ inú ẹ̀. Fi ẹnu kà á láti 1 dé 10 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó o yọ ọ́ kíá, má gbé fóònù lásìkò yẹn o, torí tó bá pẹ́ nínú ẹ̀, o ti sè é nìyẹn. Sá a síbi tí oòrùn ò sí kó gbẹ, po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ torí ó kéré púpọ̀, kó o tó fọ́n ọn, erùpẹ̀ tó sì máa bò ó ò gbọ́dọ̀ nípọn. Àwọn ìyá wa tó ń gbin ewédú lóko ti mọ èyí tipẹ́. Tó bá jẹ́ irúgbìn tó dájú lò ń wá, àwọn NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀, wà ní Ìdí-Iṣin n'Íbàdàn láti ọdún 1975, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso ni iṣẹ́ wọn, o lè lọ bi wọ́n.

Ẹ ǹlẹ́ o. Máńgòrò mi ń so dáadáa, àmọ́ kò séyìí téèyàn là tí kò ní ìdin nínú. Ìṣòro kejì, àwọn èèrà pupa kan tó ń fi ewé ṣe ilé ti gba orí igi náà, wọ́n ń gé àwọn ọmọ jẹ. Mo ti ra kẹ́míkà, mo fẹ́ fọ́n gbogbo wọn pa lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. – Lándìlọ́ọ̀dù, Ìkòròdú

Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ gbé kẹ́míkà yẹn sílẹ̀ ná. Ìṣòro kan lẹ ní, èyí tẹ́ ẹ pè ní ìkejì, ẹ̀yin ló ń jà fún.

Eṣinṣin èso ló ń fa ìdin yẹn. Èyí tó burú jù nínú wọn, Éṣíà ló ti wá, ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Kẹ́ńyà, kò sì pẹ́ tó fi gba ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà. Abo ẹ̀ á fìdí gún èèpo máńgòrò tó bá ń pọ́n bọ̀, á yé ẹyin síbẹ̀, ẹyin á di ìdin, máńgòrò á rà, á já bọ́, ìdin á wá jáde wọnú ilẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló ti máa di eṣinṣin tuntun. Ẹ rí i báyìí pé abẹ́ igi niṣẹ́ yín wà, kì í ṣe òkè. Gbogbo èyí tó bá já, ẹ ṣà á lójoojúmọ́, kò gbọ̀dọ̀ dọjọ́ kejì, ẹ má sì kó o sórí ààtàn, ẹ dì í sínú làílọ́ọ̀nù dúdú kẹ́ ẹ so ó lẹ́nu pinpin, kẹ́ ẹ gbé e sínú oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ju ìdajì mítà lọ kẹ́ ẹ sin ín. Tẹ́ ẹ bá ní adìyẹ, ẹ tú wọn sábẹ́ igi yẹn kí wọ́n máa tan ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n á ṣa díẹ̀ nínú ìyókù jẹ.

Ká wá bọ́ sórí èèrà. Tẹ́ ẹ bá rọra sún mọ́ ìtẹ́ wọn, ẹ̀ẹ́ rí i pé òwú funfun kan ló so ewé yẹn pọ̀. Ọmọ wọn ló ń pọ òwú yẹn, àwọn àgbà á fi ẹnu gbé ọmọ, wọ́n á máa gbé e lọ gbé e bọ̀ láàárín ewé méjì títí tí ewé á fi lẹ̀ mọ́ra. Èmi ò tíì rí ohun tó jọ mí lójú tó o lórí igi. Ní Benin Republic tó múlé tì wá, àwọn onímọ̀ ti ṣèwádìí lóko máńgòrò, wọ́n rí i pé igi tí èèrà yìí bá pọ̀ lórí ẹ̀, eṣinṣin èso kì í ráyè ṣe é lọ́ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èèrà ń lé e, kódà òórùn tí èèrà fi sára èso kì í jẹ́ kó fẹ́ bà síbẹ̀. Kẹ́míkà tẹ́ ẹ rà yẹn, èèrà yìí ló máa kọ́kọ́ pa, pẹ̀lú oyin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká máńgòrò, ẹ lo ọ̀pá gígùn tẹ́ ẹ so àpò mọ́ lẹ́nu, ẹni tó bá sì di dandan pé kó gùn ún, kó fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀, èèrà ò fẹ́ràn eérú. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dúró sílẹ̀.

Mo gba ilẹ̀ allotment, ìyẹn ilẹ̀ ọgbà téèyàn ń háyà, lọ́dọ̀ kánsù, tẹ̀tẹ̀ lọkàn mi fà sí, àmọ́ ìgbín tí ò níkarahun, èyí táwọn ará ibí ń pè ní slug, á jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóru kan ṣoṣo. Àwọn tá a jọ ní ilẹ̀ níbẹ̀ ní kí n ṣe omi kékeré kan fún ọ̀pọ̀lọ́. Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ni mo wá sìn nílùú òyìnbó ni? – Ọmọ Ìjẹ̀bú, London

Ẹ gbọ́ tiwọn o, òótọ́ ni wọ́n ń bá yín sọ. Ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré ń jẹ slug dáadáa. Ẹ ri bàsíà àlòkù kan mọ́lẹ̀, ẹ da omi òjò sí i, ẹ to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹ̀ kí ohun tó bá kó sínú ẹ̀ lè gùn jáde. Ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hedgehog, òun náà ń jẹ slug, àmọ́ fẹ́ńsì kì í jẹ́ kó ráyè ti ọgbà kan bọ́ sí òmíràn, torí ẹ̀ làwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń gé ihò oníhà mẹ́rin tó fẹ̀ ní 13 sẹ̀ǹtímítà sí ìsàlẹ̀ fẹ́ńsì. Tẹ́ ẹ bá rí májèlé slug tó ti pẹ́ nínú ṣẹ́ẹ̀dì, ẹ wo ara páálí ẹ̀, tó bá jẹ́ metaldehyde ni, wọ́n ti fòfin dè é níta láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2022 torí jàǹbá tó ń ṣe fún ẹyẹ àti ẹranko.

Àmọ́ ohun tó ń pa tẹ̀tẹ̀ yín gan-an, mo rò pé àsìkò ni. Tẹ̀tẹ̀ ò fẹ́ òtútù, tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn sílẹ̀ tútù kò ní dàgbà, bó ṣe kéré yẹn náà lá á wà títí slug á fi dé bá a. Ẹ gbìn ín sínú ike kékeré lẹ́bàá wíńdò nínú ilé níparí oṣù kẹrin, kẹ́ ẹ má gbé e jáde títí di oṣù kẹfà tí igi ẹ̀ á ti gbó díẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ ṣa slug lọ́wọ́. Ewédú ní tiẹ̀ fẹ́ ooru ju tẹ̀tẹ̀ lọ, abẹ́ ọ̀rá tàbí inú ilé onígíláàsì ló máa ti ṣe dáadáa.

Ìbẹ́pẹ mi ga dáadáa, ó ń tanná lórí okùn gígùn tó rọ̀ wálẹ̀, àmọ́ kò so rí. Aládùúgbò mi ní kí n kan ìṣó mọ́ ọn. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́? – Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ìlọrin

Bàbá tíṣà, ọgbẹ́ nìkan ni ìṣó máa dá sí i lára. Akọ lẹ gbìn. Òdòdó akọ ló máa ń rọ̀ wálẹ̀ lórí okùn gígùn bẹ́ẹ̀, ti abo tóbi, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara igi. Ẹ má tíì gé e tẹ́ ẹ bá ní abo nítòsí, torí abo fẹ́ ìyẹ̀fun ara òdòdó akọ kó tó so, àfòpiná tó ń fò lálẹ́ sì wà lára àwọn tó ń bá wọn gbé e kiri. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin tuntun, inú ìbẹ́pẹ tó gùn ni kẹ́ ẹ ti mú irúgbìn, má mú un nínú èyí tó rí róbótó. Èyí tó gùn, ara igi tó ní akọ àti abo pọ̀ nínú òdòdó kan náà ló ti ń wá, ìrètí pọ̀ pé ọmọ ẹ̀ á so. Ẹ gbin mẹ́ta sójú kan, tí wọ́n bá tanná tẹ́ ẹ ti dá wọn mọ̀, ẹ dá èyí tó dáa jù sí.

Ẹ̀ga ti fa ewé àgbọn wa ya tán, ariwo wọn ò jẹ́ ká gbádùn. Ṣé ká dáná èéfín sábẹ́ ẹ̀ ni? – Ará ilé kan, Òṣogbo

Ẹ má dáná o, àgbọn yẹn gan-an ni iná máa ṣe léṣe. Akọ ẹ̀ga ló ń fa ewé ya, á fi ẹnu gé etí ewé, á di í mú, á wá fò lọ, ewé á ya gbọọrọ tẹ̀lé e. Ó fi ń hun ìtẹ́ ni, abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá wù ú, akọ lè tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀. Tí màrìwò àárín bá ṣì dúró, àgbọn yín ò ní kú. Kòkòrò sì ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wọn, inú ọgbà yín ni wọ́n ti ń ṣà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dín kù lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí òjò dá kí ọmọ sì fò tán, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀pá gígùn já àwọn ìtẹ́ tó ti gbẹ. Èyí tí ewé ẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹyin wà nínú ẹ̀.