Ìlérí Wà Lára Ògiri, Ẹsẹ̀ Kò Kúrò Lójú Kan

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá lórí wa. Ọdún kẹta rèé tí mo ti di ìlérí èrò rere Ọlọ́run nínú Jeremáyà 29:11 mú. Mo kọ ọ́ sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ojú mi máa ń kọ́kọ́ bà tí mo bá jí. Mo ti gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mo gba ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, mo tún ń dìde lóru. Iṣẹ́ tí mò ń wá kò dé, ọkọ náà kò dé. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó ni, àbí àdúrà kan ṣì kù tí n kò tíì gbà? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dá mi lóhùn. – Arábìnrin tó ń retí

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O fọwọ́ kọ ọ́ ni, ó sì dùn mọ́ mi, torí àwọn tó ń fi fóònù kọ̀wé sí mi máa ń pa ohun tí wọn ò bá fẹ́ kí n rí rẹ́ pátápátá. Ìwọ fi bírò fa ìlà lé tìẹ lórí ni. Lójú ìwé kejì, lókè, ìlà méjì wà tí o fà lé lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ìwé náà sún mọ́ fèrèsé, mo sì rí i kà: “Ìgbàkígbà tí mo bá kúnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ sí mi lọ́kàn, pé kí n lọ bá a.” Lẹ́yìn ìyẹn lo wá mú ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ bọnu. (Mo ti kọ̀wé bi ọ́ kí n tó mú ìlà yìí jáde, o sì ní kò sí wàhálà. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì kò kan ẹnikẹ́ni níbí.)

O ní àdúrà wo ló kù. Kò sí àdúrà tó kù, ọmọ mi. Ìrìn ló kù.

Nínú èdè wa, a kì í ya gbígbọ́ nípa sí ṣíṣe. Bí ìyá kan bá ní ọmọ òun kì í gbọ́ràn, kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ yẹ etí wò. Ọmọ náà gbọ́ ketekete, kò dìde ni. Èdè Hébérù tí wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà, shama, ni wọ́n ń lò fún kí etí gbọ́ àti kí ènìyàn ṣe ohun tó gbọ́. Nítorí náà, tí o bá ń sọ fún mi pé Ọlọ́run ò dá ọ lóhùn láti ọdún mẹ́ta, ojú ìwé kejì lẹ́tà rẹ ń jiyàn pẹ̀lú rẹ.

Jẹ́ ká wá yọjú sí ẹsẹ tó wà lára ògiri rẹ. Lẹ́tà ni orí 29 yẹn. Jeremáyà wà ní Jerúsálẹ́mù, ó kọ ọ́ sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, àwọn tó bá ọba Jekonáyà lọ ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Olúwa. Kí lẹ́tà náà tó dé orí “mo mọ èrò tí mo rò sí yín” tí gbogbo wa fẹ́ràn, àṣẹ ló kún inú rẹ̀: ẹ kọ́ ilé, kí ẹ máa gbé inú rẹ̀, ẹ gbin ọgbà, ẹ fẹ́ aya, kí ẹ bímọ, ẹ wá àlàáfíà ìlú tí mo kó yín lọ, kí ẹ máa gbàdúrà fún un. Gbàdúrà fún Bábílónì! Lẹ́yìn èyí ló wá sọ pé ọdún 70 ni yóò gbà. Ẹsẹ 11 ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń mú orí mi wú ni pé kì í ṣe ìlérí kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ṣí orí 28. Wòlíì kan wà tó ń jẹ́ Hananáyà. Ó dìde nínú tẹ́ńpìlì, ó ní ọdún méjì péré, gbogbo ẹrù tó lọ yóò padà, gbogbo ẹrú tó lọ yóò padà. Ó já àjàgà igi tí Jeremáyà gbé kọ́rùn láti fi hàn pé wọn yóò sin Bábílónì, ó ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ fojú inú wo ẹni tó gba tirẹ̀ gbọ́ ní Bábílónì: ẹrù rẹ̀ á wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà, kò ní gbin ewébẹ̀ kan, kò ní fẹ́ ìyàwó, torí pé ọ̀la ni wọ́n ń padà. Ẹni tó gba ti Jeremáyà gbọ́ ní tirẹ̀ á wá ọkọ́ lọ. Oṣù karùn-ún ni Hananáyà sọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, ó kú.

Mi ò sọ pé kí o yọ páálí rẹ o. Àwọn ìgbèkùn ni wọ́n dìídì kọ lẹ́tà yẹn sí, mi ò sì rí iṣẹ́ rẹ tàbí ọkọ rẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ní èrò rere sí wọn kò tíì yí padà. Mú bírò tó o fi fa ìlà yẹn, kí o kọ ẹsẹ 5 sí 7 sábẹ́ ẹsẹ 11. Kí ojú rẹ máa bá wọn papọ̀ láàárọ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, Jésù fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ sí i nínú Mátíù 5:23 àti 24. Bí o bá mú ọrẹ wá sídìí pẹpẹ tí o sì rántí pé arákùnrin rẹ ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ, fi ọrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ní Gálílì mọ ohun tí èyí máa ná wọn jù wá lọ. Jerúsálẹ́mù ni pẹpẹ wà, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ tòun ti ẹran ẹbọ lọ́wọ́ ni Jésù ń sọ pé kó yí padà lọ sílé. Èwo ni tìẹ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní fóònù?

Má rò pé mo jókòó sókè téńté máa wò ọ́. Nígbà kan mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ wa. Ọwọ́ há mi, mo ná lára owó ẹgbẹ́, mo ní n ó dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo rí owó náà lóòótọ́, mo kó o sínú àpòòwé, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo ṣe. Mo wá fi àpòòwé náà sínú Bíbélì mi, níbi Sáàmù 23. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀. Sáàmù yẹn gan-an ni mo sì ń fi gbààwẹ̀ nígbà náà, torí pé n kò fẹ́ ṣe aláìní mọ́. Láràárọ̀, màá ṣí i, màá fọwọ́ òsì ti àpòòwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè rí ẹsẹ kìíní kà, màá gbàdúrà kíkankíkan, màá sì pa Bíbélì dé mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ, aṣọ ni ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa ń ká. Ó gbà á, ó kà á, ó ní, “Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ìwọ ni mò ń retí.” Wọ́n yọ mí nípò akápò lọ́sẹ̀ kejì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Owó kankan ò já bọ́ láti òkè. Mo kàn ka Sáàmù 23 lálẹ́ ọjọ́ yẹn láìsí pé mo ń ti nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.

Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí o lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ bí ẹni tó fẹ́ lọ san owó orí ìlérí, kí o padà délé kó o máa wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọkọ ti dé. Náámánì, olórí ogun Síríà tó jẹ́ adẹ́tẹ̀, kó tálẹ́ńtì fàdákà 10, ẹgbẹ̀rún 6 ìwọ̀n wúrà àti ìpààrọ̀ aṣọ 10 dání nígbà tó ń lọ wá ìwòsàn. Wòlíì Èlíṣà kò fọwọ́ kan ìkankan. Odò ni kó lọ, ó sì di ẹ̀ẹ̀keje tó ri ara rẹ̀ bọ inú omi kí ara rẹ̀ tó yá. Ìgbọràn kì í ra nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kàn jẹ́ pé apá ibẹ̀ ni ohun tó fẹ́ fún ọ wà.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, má tún ẹjọ́ rò. Tìẹ ni kó o bẹ̀bẹ̀ fún, fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n náà bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́wọ́ sókè, mú àgbàlagbà kan dání tàbí kí o kọ̀wé. Bí kò bá gbà, Róòmù 12:18 ní “bí ó bá lè ṣe”, ó ní “níwọ̀n bí ó ti wà ní ọwọ́ yín”. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ni wọn yóò bi ọ́.

Ìbéèrè: Màmá, ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ọkàn mi ń sọ pé kí n fi í sílẹ̀, kí n dojú kọ iṣẹ́ ìhìnrere. Wòlíì kan ti jẹ́rìí sí i. Ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ta ni kí n tẹ̀ lé? – Baálé ilé

Ìdáhùn: N kò mọ ohun tí Ọlọ́run sọ fún ọ, n kò sì ní díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Pọ́ọ̀lù fẹ́ wàásù ní Éṣíà, Ẹ̀mí Mímọ́ kò gbà. Ó fẹ́ yà sí Bítíníà, kò tún gbà. Ọ̀nà méjì ló ti dí kó tó rí ìran ará Makedóníà ní Tíróásì. Òun nìkan ló sì rí ìran náà, àmọ́ wo ẹsẹ 10 dáadáa: àwọn tó ń bá a rìn gbà pé Olúwa ló pe “wa”. Ọlọ́run tó mọ orúkọ rẹ mọ ti ìyàwó rẹ. Owó oṣù tí o fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn, òun náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Ní ti wòlíì, n kò kẹ́gàn rẹ̀. Hananáyà náà wòlíì ni wọ́n ń pè é.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí tirẹ̀ dárí rẹ, pé báyìí ni òun ṣe kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tí Ọlọ́run sì gbé òun ró. Nínú 2 Sámúẹ́lì 5, Dáfídì bi Ọlọ́run bóyá kí òun lọ bá àwọn Filísínì ní àfonífojì Réfáímù, Ọlọ́run ní kó lọ. Ó ṣẹ́gun. Wọ́n tún padà wá, àfonífojì kan náà. Ẹlòmíràn ò ní béèrè mọ́, á ti mú idà. Dáfídì béèrè, ìdáhùn sì yàtọ̀: má gòkè lọ tààrà, gba ẹ̀yìn wọn yọ, kí o sì dúró títí ìwọ yóò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè àwọn igi. Bí ó bá jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ló tẹ̀ lé ńkọ́?

Máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ lọ. Wàásù nírọ̀lẹ́. Ìpè Ọlọ́run kì í bà jẹ́ bí o bá dúró de ìyàwó rẹ.

Ìbéèrè: Màmá, ẹni ọdún 52 ni mí. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé ìṣirò tí mo mọ̀ pé irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo gbàdúrà, ọkàn mi kò gbà á, mo kọ̀. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù kẹsàn-án rèé. Níbo ni ìlérí wà fún ẹni tó gbọ́ràn? – Ẹni tó kọ̀

Ìdáhùn: Lẹ́tà tiyín ló pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Mo ti kọ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ya á.

Ìran Tíróásì tí mo sọ lókè yìí, ṣé ẹ mọ ibi tó gbé Pọ́ọ̀lù dé? Ìlú Fílípì, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pá lu òun àti Sílà, tí wọ́n sì kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ àbà. Kò ṣi ìran náà gbọ́. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìyà tó jẹ yín fi hàn pé ẹ ò gbọ́ Ọlọ́run dáadáa.

Ẹ̀kejì ni ti Ábúráhámù. Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó kúrò ní Háránì, Ọlọ́run sì ṣèlérí gbogbo ilẹ̀ Kénáánì fún irú-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Sárà kú lẹ́ni ọdún 127, Ábúráhámù ti lo ọdún 62 lórí ilẹ̀ ìlérí náà, kò sì ní ibi tí yóò sin ìyàwó rẹ̀ sí. Ó dìde kúrò níwájú òkú, ó lọ tẹrí ba fún àwọn ọmọ Hétì, ó ní àlejò àti àtìpó ni òun. Ó wọn 400 ṣékélì fàdákà fún Éfúrónì kí ó tó rí pápá àti ihò Mákípélà rà. Jẹ́nẹ́sísì orí 23 kò sọ fún wa ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń wọn owó náà. Ibojì ni ilẹ̀ tó kọ́kọ́ di tirẹ̀ níbẹ̀.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jókòó nínú ìjọ, ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́, àbí ẹ̀ ń múra bíi ti àtẹ̀yìnwá kí wọ́n má bàa mọ̀? Ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ yìí. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi lóṣù tó ń bọ̀, kódà bí kò bá tíì sí ìròyìn kankan.