Ẹ Bi Wá: Lórí Ìwádìí fún Oyè Gíga Nínú Ìmọ̀ Ewéko àti Ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló wọlé sí wa láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ewéko àti ilẹ̀. A mú mẹ́rin nínú wọn dáhùn lóṣù yìí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ìmọ̀ ewéko ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ewéko àti ti ilẹ̀ pọ̀ ni wọ́n gbà mí sí báyìí fún oyè kejì, bẹ́ẹ̀ n kò kọ́ ohun tó nípọn nípa ilẹ̀ rí. Ṣé n kò lè gbájú mọ́ ewéko nìkan?

Ìdáhùn: Ẹ lè fi ewéko ṣe orí ọ̀rọ̀ ìwádìí yín, ṣùgbọ́n ẹ kò lè ṣe bí ẹni pé kò hù láti inú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ewé tó ń pọ́n nígbà tó yẹ kó tutù yọ̀yọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé náítírójìn ló wọ́n nínú ilẹ̀, àwọn ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, nítorí pé ewéko a máa kó náítírójìn kúrò lára wọn lọ fún ewé tuntun. Bí ó bá jẹ́ èròjà irin ni kò tó, àwọn ewé tuntun tó wà lókè ni yóò pọ́n, tí iṣan wọn yóò sì ṣì tutù, nítorí pé ewéko kì í lè yọ irin lára ewé àgbà bẹ́ẹ̀. Irin lè pọ̀ nínú ilẹ̀ náà o, àmọ́ bí pH ilẹ̀, ìyẹn òdiwọ̀n tó ń fi bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, bá ti ga kọjá 7 dáadáa, irin kì í yòrò tó bí gbòǹgbò ṣe nílò rẹ̀. Ó sì tún lè jẹ́ pé omi ló rọ́ sí ìdí gbòǹgbò tí afẹ́fẹ́ kò fi ráyè wọlé. Ẹni tó bá wo ewé nìkan yóò kàn máa méfò ni.

Kì í ṣe òní ni ìmọ̀ méjèèjì ti so pọ̀. Ní 1941, Hans Jenny, onímọ̀ nípa ilẹ̀, to ohun márùn-ún tó ń sọ ilẹ̀ di ohun tó jẹ́ sílẹ̀: ojú ọjọ́, àwọn ohun ẹlẹ́mìí, bí ojú ilẹ̀ ṣe ga tàbí tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí, òkúta tí ilẹ̀ ti wá, àti àkókò. Ewéko wà lára àwọn ohun ẹlẹ́mìí yẹn, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ ewéko ni ewéko náà ń dá ilẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Hellriegel àti Wilfarth ní Jámánì fi hàn pé àwọn bakitéríà inú kókó ara gbòǹgbò ewéko ẹlẹ́pọ́ọ̀dù, bíi ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ló ń jẹ́ kí ó rí náítírójìn lò láti inú afẹ́fẹ́. Ẹni tó kọ́ ewéko nìkan kì bá tí rí i yanjú, ẹni tó kọ́ ilẹ̀ nìkan náà kì bá tí rí i yanjú.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba kíláàsì kan nínú kẹ́mísírì ilẹ̀ àti òmíràn nínú físíìsì ilẹ̀ kí ẹ tó kọ àbá ìwádìí yín. Kí ẹ sì gbẹ́ kòtò kan tó jìn tó mítà kan nínú oko tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ wo ibi tí àwọ̀ ilẹ̀ ti yí padà lára ògiri kòtò náà, ẹ fi ọ̀bẹ gún un láti mọ ibi tó ti le, kí ẹ sì wo ibi tí gbòǹgbò ti ń ṣẹ́rí padà. Wákàtí tí ẹ bá lò nínú kòtò yẹn lè yí ìbéèrè tí ẹ fẹ́ wádìí padà pátápátá.

Ìbéèrè: Mo gbin àgbàdo sí abala ilẹ̀ méjì. Mo fi ajílẹ̀ sí ọ̀kan, n kò fi sí èkejì. Mo wọn gíga ọgbọ̀n igi nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ sì hàn gbangba. Alábòójútó mi wá ní èsì náà kò ṣe é lò. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Alábòójútó yín kò ṣìkà. Igi àgbàdo kọ̀ọ̀kan kọ́ ni ẹ pín ajílẹ̀ fún. Odindi abala ni. Abala kan ṣoṣo ló gbà á, abala kan ṣoṣo ni kò gbà á, nítorí náà ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré ni ẹ ní láti fi wé ara wọn, ìbáà jẹ́ ọgbọ̀n igi ni ẹ wọ̀n tàbí ọ̀ọ́dúnrún. Bí abala tó gba ajílẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òjò ń wọ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ, ta ni yóò sọ bóyá ajílẹ̀ ló mú àgbàdo ga ni àbí ibi tó dúró sí? Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín ṣá. Ní 1984, Stuart Hurlbert, onímọ̀ nípa àyíká, kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi hàn pé irú èyí kún inú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde pàápàá.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà látìgbà tí Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò, ti ń ṣiṣẹ́ ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìlú Ọba, níbi tó dé ní 1919. Ẹ pín oko sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ jọra. Bí oko bá ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ́ kan wà lókè, kí òmíràn tẹ̀ lé e, títí dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ìtọ́jú tí ẹ fẹ́ fi wéra (bíi fífi ajílẹ̀ sí àti àìfi sí) gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò ṣẹ́ kèké láti mọ abala tí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí, ẹ ó sì tún kèké ṣẹ́ lọ́tọ̀ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú yàn án o: ọwọ́ ẹni a máa fẹ́ gbé ìtọ́jú tí ọkàn ẹni fà sí lọ síbi tó dára jù, láìmọ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ wọn nǹkan, àwọn igi àárín abala ni kí ẹ wọ̀n, nítorí pé oòrùn tí àwọn ti etí ń rí ju ti àárín lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ìdánwò àlìkámà tí wọ́n ń pè ní Broadbalk ní Rothamsted yẹn kan náà, tí Lawes àti Gilbert dá sílẹ̀ ní 1843, kò ní irú ètò báyìí. Òótọ́ ni, kò ní in. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́sàn-án ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ̀yin kò ní ju ìgbà ọ̀gbìn kan tàbí méjì lọ.

Ẹ má da ohun tí ẹ ti wọ̀n nù. Yóò sọ fún yín bí igi ṣe ń yàtọ̀ síra nínú abala kan, ìyẹn sì lè tọ́ yín sọ́nà lórí iye igi tó yẹ kí ẹ wọ̀n nígbà míì. Ẹ kàn má fi ṣe ẹ̀rí pé ajílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Mo fi erùpẹ̀ kan náà ránṣẹ́ sí láàbù méjì. Ọ̀kan ní pH rẹ̀ jẹ́ 6.2, èkejì ní 5.5. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì tọ̀nà. Ẹ bi wọ́n bóyá omi lásán ni wọ́n fi po erùpẹ̀ náà ni àbí omi tí wọ́n fi kálísíọ̀mù kíláráìdì, irú iyọ̀ kan, díẹ̀ sí. Èyí tí ó ní kálísíọ̀mù sábà máa ń fúnni ní iye tó kéré sí ti omi lásán. Ẹ tún bi wọ́n pé omi mélòó ni wọ́n bu sí erùpẹ̀ mélòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù. Ọ̀nà tí Walkley àti Black gbé jáde ní 1934 kì í jó gbogbo kábọ́ọ̀nù inú erùpẹ̀ tán, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi iye kan sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fi iná gbígbóná jó erùpẹ̀ ń ka gbogbo rẹ̀. Ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ewéko lè rí lò tún wá le jù: ọ̀nà ti Bray bá ilẹ̀ tó ní ásíìdì mu, ti Olsen sì bá ilẹ̀ tó ní ẹfun mu, èsì ọ̀kan kò sì ṣe é gbé sí ẹ̀gbẹ́ èkejì nínú tábìlì kan náà. Nítorí náà ẹ kọ orúkọ ọ̀nà tí wọ́n gbà sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo iye tí ẹ bá kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ sì lo láàbù kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìbéèrè: Inú ìkòkò ni mo fẹ́ ṣe ìdánwò mi. Àwọn ìwé ń sọ pé 60 kìlógíráàmù náítírójìn fún hẹ́kítà kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tí yóò wọ ìkòkò tó gba kìlógíráàmù erùpẹ̀ 5?

Ìdáhùn: Erùpẹ̀ tó wà lórí hẹ́kítà kan dé ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15 tó mítà onígun mẹ́ta 1,500. Bí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan ilẹ̀ náà bá wọn gíráàmù 1.33 nígbà tó bá gbẹ, gbogbo rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì kìlógíráàmù. Ẹ pín 60 sí iye yẹn, ẹ óò rí míligíráàmù 30 fún kìlógíráàmù erùpẹ̀ kan, èyí tó jẹ́ 150 fún ìkòkò yín. Bí yúríà ni ẹ fẹ́ lò, tí náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ óò wọn nǹkan bí míligíráàmù 326. Ẹ má gba 1.33 yẹn bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ti ilẹ̀ yín fúnra yín, nítorí pé ti ilẹ̀ alámọ̀ àti ti oníyanrìn kò dọ́gba.

Iye tí ẹ bá fi sí i kò ní sọ ìkòkò di oko, àmọ́ ṣá. Erùpẹ̀ tí ẹ ti sẹ́ kò ní ihò àti ìdì tó ní nínú oko mọ́, gbòǹgbò yóò sì tètè kan ògiri ìkòkò. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ bí gbòǹgbò ṣe ń gba èròjà kan, ìkòkò dára gan-an. Bí ó bá jẹ́ iye tí hẹ́kítà kan yóò so ni ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ kó lọ sí oko.